Ìyá Ọkọ Tí Bàrákàt Kò Kí

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìṣẹ̀ àti Emùré, bí ènìyàn bá jalè, wọn á wá ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀. Bí ó bá purọ́, wọn á ní ọmọdé ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá lára àgbà tí kò kí i, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹni náà lè máa gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹni tí kì í fọwọ́ kan ohun olóhun, kò sí ẹni tí yóò rántí ìyẹn mọ́. Wọn á kàn ní, "Ọmọ yẹn? Kò lẹ́kọ̀ọ́." Bí wọ́n bá sì ti wí bẹ́ẹ̀ nípa ọmọbìnrin tí kò tíì wọlé ọkọ, ẹni tó fẹ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kò ní rí ìdérí tó gbà á.

Ọ̀rọ̀ Bàrákàt, ọmọ Gbàdàmọ́sí ará Ìgbàrà-Odò, ni mo fẹ́ sọ. Bàbá rẹ̀ ń dáko kòkó àti ẹ̀gẹ́. Ìyá rẹ̀ ti di olóògbé. Nígbà tí ọmọ náà jáde ìwé mẹ́wàá, kò sí ẹni tí yóò rán an lọ síwájú, ló bá wá kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkẹ́rẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Adéwọlé tó kọjú sí títì táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga. Ó kọ́ṣẹ́ parí, ó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ọ̀gá ní kó dúró bá òun ṣiṣẹ́. Ó dúró. Àwọn tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó dé ti di bàbá ọlọ́mọ, wọ́n ti ń rán àbúrò wọn pé kó lọ bá Àǹtí Bàrákàt. Ìdí kọ̀ǹpútà kan náà làwọn àbúrò yẹn ń bá a.

Iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní ń pani; àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó wí i, oko ni wọ́n ń lọ. Bí àgbẹ̀ bá kọ ebè díẹ̀, yóò nàró, yóò wo òkèèrè bóyá òjò ń bọ̀. Iṣẹ́ Bàrákàt kò ní ìnàró. Ìwé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó wá, ọwọ́ ìkọ̀wé wọn dà bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí eérú. Yóò wo ìwé, yóò wo kọ̀ǹpútà, yóò wo ìwé, yóò wo kọ̀ǹpútà, láti àárọ̀ tí wọ́n bá ti fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí epo yóò fi tán nínú rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń dún bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Kì í ṣẹ́jú. Ẹni tó ń wá lẹ́tà kéékèèké kiri kì í rántí láti ṣẹ́jú.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó kọ́kọ́ ń ṣomi. Nígbà tó yá, omi gbẹ, ó wá dà bí ìgbà tí iyanrìn há sábẹ́ ìpéǹpéjú. Bí ọ̀sán bá pọ́n, orí á máa fọ́ ọ láti ẹ̀yìn ẹyinjú wá, lẹ́tà á sì máa di méjì mọ́ ọn lójú. Ó ra oògùn kíkán ní kẹ́míìsì, ó kán an, ó sún àga rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà sí i.

"Bàrákàt," Ọ̀gá Adéwọlé á wí, "ṣé o fẹ́ kó wọnú nǹkan yẹn ni? Imú rẹ ti fẹ́ẹ́ kàn án."

"Ọ̀gá, àárẹ̀ ni."

"Àárẹ̀ wo ló ń ti ènìyàn nímú síwájú?"

"Ẹ jẹ́ n parí ti ọmọ yìí ná. Ó ní ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun."

Àárẹ̀ ni. Ohun tó ń sọ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, kò sì purọ́. Àárẹ̀ ọ̀hún wà níbẹ̀, ó jókòó tì í bí ẹni tó wá gbàwìn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ń lọ lábẹ́ àárẹ̀. Àwọn baba wa ní bí ojú bá ń ṣepin, ojú là á fi hàn. Ojú tí òkèèrè ń kúrò nínú rẹ̀ kì í ṣepin, kò sì sí ohun tí yóò fi han ẹnikẹ́ni. Òkè Olósùnta tó dúró ti Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí Bàrákàt kọ́kọ́ dé ìlú, ó ń rí igi tó hù lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, òkè náà di ohun dúdú kan ṣáá, bí ìkòkò tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ó fọ ojú ọ̀run mọ́, òkè kò mọ́. Ta ló tilẹ̀ ń wo òkè? Ẹni tó ń wá ohun tí yóò jẹ kì í rí àyè wò ó.

Níbi iṣẹ́ yìí náà ni Sàkáríyà ti rí i. Ará Ìṣẹ̀ ni Sàkáríyà, iṣẹ́ wáyà iná ló ń ṣe. Ó wá tẹ ìwé kan, kò sì tún yéé rí ìwé tí yóò tẹ̀. Wọ́n fẹ́ra, àwọn ẹbí ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, ó wá ku kí wọ́n mú ọjọ́ yìgì. Ìyá Sàkáríyà, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ìbídùn, ti sọ ọ́ káàkiri Ìṣẹ̀ pé òun ti rí aya ọmọ òun, ọmọ jẹ́jẹ́, ọmọ tó mọ̀wé.

Ní ọjọ́ ọjà kan, Ìyá Sàkáríyà àti ìyálé rẹ̀, Ìyá Ọmọ́túndé, wá ra gàrí ní Ìkẹ́rẹ́. Àwọn méjèèjì ló ṣẹ́kù nínú ilé láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, wọn kì í sì í ya ara wọn. Wọ́n kó ẹrù sẹ́bàá títì, lódìkejì ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Adéwọlé, wọ́n ń retí ọkọ̀, ni Ìyá Ọmọ́túndé bá ní, "Ìbídùn, ṣé kì í ṣe ìyàwó rẹ ló jáde lọ́hùn-ún yẹn?"

"Òun mà ni!"

Jẹnẹrétọ̀ gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń ké, ohùn kò lè dé ọ̀hún. Ìyá Sàkáríyà bá na ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jù ú.

Bàrákàt jáde sẹ́nu ọ̀nà nítorí pé ojú ń ta á. Oòrùn gbá a lójú. Ohun tó rí lódìkejì títì kò ju àwọ̀ méjì lọ, bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ọ̀kan nínú àwọ̀ náà ń mì. Ó rò pé ẹnì kan ń dá ọ̀kadà dúró. Ó fún ojú pọ̀, ó ká imú jọ, ó fẹ́ fi kó ohun tó fọ́nká náà jọ sójú kan. Kò kó jọ. Orí sì ń fọ́ ọ. Ó kẹ̀yìn, ó wọlé.

Ẹ̀yin ará mi, ojú tí ènìyàn ń fún pọ̀ láti fi wo ọ̀nà jíjìn, àti ojú tí ènìyàn ń fún pọ̀ láti fi kẹ́gàn ọmọnìkejì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Olójú nìkan ló mọ èyí tó gbé jáde.

"Hẹ̀!" Ìyá Ọmọ́túndé wí. "Ó yínmú sí ọ."

Ìyá Sàkáríyà kò tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Bóyá èmi kọ́ ló ń ṣe."

"Ta ni? Èmi? Ó wò ọ́ látòkè délẹ̀, ó yínmú, ó kẹ̀yìn sí ọ. Ìwọ tí o ń ru gàrí. Kọ̀ǹpútà ti gùn ún lórí."

Bí kò bá sí ẹni tó bá a rí i, bóyá Ìyá Sàkáríyà ìbá gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gàn tí ìyálé ẹni bá ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀ kì í ṣe ohun tó ṣeé gbé mì. Kí ọkọ̀ tó dé Ìṣẹ̀, ó ti sọkún nínú rẹ̀.

Sàkáríyà wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì. Kò kí ẹnikẹ́ni dáadáa.

"Sàká, jókòó. Kí ló dé?"

"Mi ò jókòó. Bàrákàt, kí ni màmá mi fi ṣe ọ́?"

"Màmá wo?"

"Èyí tó bí mi. Wọ́n na ọwọ́ sí ọ níwájú ibí yìí, o yínmú sí wọn, o sì kẹ̀yìn sí wọn. Ìyálé wọn wà níbẹ̀."

Bàrákàt dìde. "Mo fi Ọlọ́hun búra, mi ò rí wọn."

"O ò rí wọn? Títì tí mo lè tutọ́ rékọjá?" Sàkáríyà na ìka sí kọ̀ǹpútà. "Èmi tí mo dúró síbí, bí èèrà ni mo ń rí ohun tó wà níbẹ̀ yẹn, ìwọ sì ń kà á geere. Màmá mi tóbi ju èèrà lọ. Léèsì olómi ọsàn ló wà lọ́rùn wọn, tó ń tàn yanran."

Ọ̀rọ̀ náà ìbá pa Bàrákàt lẹ́rìn-ín ní ọjọ́ mìíràn. "Kí ni wọ́n wá wí?"

"Wọ́n ní kí n wá ibòmíràn lọ. Wọ́n ní àwọn ò bímọ fún ẹni tí yóò máa fi imú wo àwọn nínú ulé àwọn."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi nìyí, mo dúró síwájú rẹ." Ó mí kanlẹ̀. "Lọ bẹ̀ wọ́n, Bàrákàt. Mú bàbá rẹ dání kí o lọ bẹ̀ wọ́n."

Lẹ́yìn tó lọ tán, Bàrákàt jáde, ó dúró lójú ibi tó dúró sí ní ọjọ́ ọjà. Ẹnì kan wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata lódìkejì. Ó wò ó títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

"Ọ̀gá," ó pè, "ta ló wà nídìí ẹ̀rọ ata yẹn?"

"Fisáyọ̀ ni. Ṣé o ò rí i ni? Òun ló ń kí ọ láti ẹ̀ẹ̀kan."

"Mo rí i," ni Bàrákàt wí, ó sì na ọwọ́ sí àwọ̀ náà.

Ó dé Ìgbàrà-Odò ní ọjọ́ Jímọ̀, ó bá bàbá rẹ̀ lórí kòkó tó sá sí àgbàlá, tó ń fi ẹsẹ̀ yí i. Ó jókòó sórí òkúta, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Gbàdàmọ́sí ń yí kòkó lọ títí ọmọ fi parí ọ̀rọ̀, ó tún yí i díẹ̀ sí i.

"Ohun tí o sọ fún mi yìí," ó wí nígbà tó yá, "ṣé o sọ ọ́ fún wọn ní Ìṣẹ̀?"

"Mo sọ fún Sàkáríyà pé mi ò rí wọn."

"Pé o kò fiyè sí wọn, tàbí pé ojú rẹ kò gbé e?"

"Mo ní mi ò rí wọn ni."

"Ó dára. Má ṣàlàyé kọjá ibẹ̀." Bàbá jáde kúrò lórí kòkó, ó jókòó tì í. "Ìyá tó bí mi, ẹ̀yin kò bá a láyé. Kó tó kú, nǹkan funfun ti bo ojú rẹ̀ bí awọ inú ẹyin. Èmi ni mo ń fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí àwọn ará Ògòtún wá tọrọ àbúrò mi obìnrin, wọ́n wádìí wa bí wọ́n ṣe ń wádìí. Wọ́n gbọ́ pé afọ́jú wà nínú ulé. A kò tún rí wọn mọ́. Ṣé o mọ ọjọ́ tí àbúrò mi lọ́kọ? Ó ti ń hu ewú."

Bàrákàt ṣa hóró kòkó kan tó bọ́ sílẹ̀, ó dá a padà sáàárín àwọn yòókù.

"Ìgbéraga ní ẹ̀bẹ̀," Gbàdàmọ́sí wí. "Ẹni tó bá gbéraga, wọn á ní kó kúnlẹ̀, yóò kúnlẹ̀, ó tán. Ojú kò ní ẹ̀bẹ̀. Bí a bá dé Ìṣẹ̀, ìgbéraga ni kí o pè é."

"Bàbá, mi ò gbéraga."

"Mo mọ̀. Ta ló bí ọ?" Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ fìrí, ó sì tètè gbé ojú kúrò. "Ṣé ó ń dùn ọ́ púpọ̀?"

"Àárẹ̀ ni."

"Hẹn-ẹ́n. Àárẹ̀ ni." Bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún ni ó ṣe wí i.

Wọ́n dé Ìṣẹ̀ ní ọ̀sán. Gbàdàmọ́sí wọ agbádá tó fi ń kí Yídì. Bàrákàt tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀ kó má baà kọsẹ̀. Ìyá Sàkáríyà àti ìyálé rẹ̀ jókòó ní pálọ̀. Sàkáríyà fara ti ògiri.

"Sàláámù aléékùm."

"Aléékùm sàláámù," Ìyá Sàkáríyà dáhùn. "Ẹ wọlé. Ṣé àwọn tí ojú wọn kì í rí aláàárù nìyí?"

Gbàdàmọ́sí ṣí fìlà. "Ìyá, ẹ má bínú. Bí ọmọ bá ṣu sórí ẹní, a kì í gé ìdí rẹ̀ dànù."

"Ìdí kọ́ ló fi ṣẹ̀ wá," Ìyá Ọmọ́túndé wí. "Imú ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sàkáríyà, ó fi ọwọ́ bò ó. Bàrákàt ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìgbéraga ló mú un," bàbá rẹ̀ wí. "Iṣẹ́ ìlú ńlá ló gùn ún. Ẹ bá mi na án, ẹ má lé e."

Ìyá Sàkáríyà tẹjú mọ́ ọmọbìnrin náà. "Jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. O rí mi lọ́jọ́ náà?"

"Mo rí yín, Màmá."

"Kí ni mo wọ̀?"

"Léèsì olómi ọsàn."

"Ẹ gbọ́!" ni Ìyá Ọmọ́túndé wí. "Ó kà á bí ẹni kàwé."

"O sì yínmú sí mi."

"Mo yínmú. Ìgbéraga ni. Ẹ foríjì mí."

Ìyá Sàkáríyà fi etí gèlè nu ojú. Àánú ń ṣe é, ó hàn lára rẹ̀; ó ti fẹ́ràn ọmọ náà kí ọ̀ràn yìí tó dé. "Ó tán," ó wí. "Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀. Bí o bá ti wọ inú ulé yìí, gbogbo àdúgbò yìí ni ọkọ rẹ. Bí o bá rí wọn lọ́jà, bí o bá rí wọn lódò, bí o bá rí wọn lókèèrè, kí o kí wọn. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí bàbá rẹ má wulẹ̀ wọ agbádá. Mi ò ní gbọ́. Dìde."

Bàrákàt kò dìde.

Ó ń wo àdúgbò náà nínú ọkàn rẹ̀: àwọn ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ látoko, àwọn tó dúró lẹ́nu mọ́ṣáláṣí, gbogbo wọn bí aṣọ lórí okùn. Ọ̀la ni yóò ṣẹ̀ wọ́n. Ọ̀tunla ni yóò tún ṣẹ̀ wọ́n. Àárẹ̀ tó mú un nígbà náà kì í ṣe ti ojú mọ́. Ó wọ̀ ọ́ léjìká, ó wọ̀ ọ́ léékún.

"Dìde, wọ́n ti dárí jì ọ́," bàbá rẹ̀ wí láàárín eyín, ó sì rọra fi ẹsẹ̀ tì í.

"Màmá," Bàrákàt wí, "irọ́ ni mo pa."

"Bàrákàt!" Gbàdàmọ́sí kígbe.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti rẹ̀ mí." Ó gbé ojú sókè sí ibi tí ohùn Ìyá Sàkáríyà ti ń wá. "Mi ò rí yín. Sàkáríyà ló sọ aṣọ tí ẹ wọ̀ fún mi. Ohun tó bá ti kọjá apá méjì sí mi, mi ò dá a mọ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà ni mo ń wò láti ìgbà tí mo ti dé Ìkẹ́rẹ́, ojú mi kò sì tún lọ kọjá ibẹ̀. Bí ẹ bá tún na ọwọ́ sí mi lọ́la, mi ò ní rí yín. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì yẹn ti wà nílẹ̀, Màmá, kí n tó dìde níbi ti àkọ́kọ́."

Ìyá Ọmọ́túndé ló dìde. Ó jáde, ó sọdá sábẹ́ igi ọsàn tó wà níwájú ilé, ó gbé nǹkan sókè.

"Kí ni mo mú dání?" ó ké láti ibẹ̀.

Bàrákàt yíjú sẹ́nu ọ̀nà. Ó fún ojú pọ̀, ó ká imú jọ. Ìyá Sàkáríyà rí i. Ojú tó rí lọ́jọ́ ọjà gẹ́lẹ́ ni.

"Mi ò mọ̀," Bàrákàt wí. "Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni tàbí igi."

"Ó pè mí ní igi!" Ìyá Ọmọ́túndé ń bọ̀, ó di sálúbàtà kan mú. "Ìbídùn, o gbọ́? Sálúbàtà ni mo gbé sókè o, ó ní igi ni mí."

Sàkáríyà rẹ́rìn-ín gidi. Ìyá rẹ̀ kò bá a rín in. Ó yíjú sí Gbàdàmọ́sí, ó bi í ní ìbéèrè tí bàbá ti ń sá fún láti Ìgbàrà-Odò.

"Alàgbà, ṣé ó wà nínú ìdílé yín?"

Gbàdàmọ́sí ń yí fìlà ọwọ́ rẹ̀ po. Ó lè ní rárá. Òkú kò ní dìde wá já a nírọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ti tú gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ti bàbá láti di tirẹ̀ mú.

"Ìyá mi," ó wí, "afọ́jú ni nígbà tó dàgbà."

"Mo gbọ́," ni Ìyá Sàkáríyà wí. Ó wọ yàrá lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Gbàdàmọ́sí ti dé fìlà rẹ̀ padà, tó ń wá bí yóò ṣe dìde. Nígbà tó jáde, ohun tó wí ni pé, "Wọ́n ní dókítà ojú wà ní Adó. Ẹ lọ bá a. Èmi náà á bá yín lọ. Ohun tí ó bá sọ, etí ara mi ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e wá fún mi ní àgbọ́sọ."

Ìwádìí ni, ẹ̀yin ará mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ náà ni, àfi pé ẹni tó ń wádìí àti ẹni tí wọ́n ń wádìí jọ wọ ọkọ̀ kan náà.

Ní Adó, Bàrákàt àti Ìyá Sàkáríyà jókòó lórí báǹṣì láti àárọ̀ títí wọ́n fi fẹ́ẹ́ gbàgbé ohun tí wọ́n wá ṣe. Ìyá Sàkáríyà sùn, ó jí, ó bù gúgúrú fún Bàrákàt. Nígbà tó kàn wọ́n, dókítà, obìnrin tí kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, gbé Bàrákàt jókòó síwájú pátákó lẹ́tà tó wà lára ògiri. Èyí tó tóbi jù lọ lókè, kò lè pè é.

"Èyí gàgàrà yẹn?" Ìyá Sàkáríyà kò lè mú un mọ́ra. "Èmi tí mi ò kàwé rí i pé ó jọ ìyarun!"

"Màmá, ẹ jẹ́ kó ṣe tirẹ̀," dókítà wí. Ó tan iná sí ojú náà, ó gbé ìgò awò oríṣiríṣi lé e nímú, ó ń yọ, ó ń fi. Nígbà tó ṣe tán, ó ní ojú náà kò ríran jìnnà mọ́, ó sì ti gbẹ. Ó ní ojú tó bá ń wo ibi tó súnmọ́ ọn lójoojúmọ́ láìsinmi, òmíràn a máa fà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Pé ó ṣeé ṣe kí ojú Bàrákàt ti máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí iṣẹ́ sì wá tì í. Àìṣẹ́jú ló gbẹ ẹ́. Awò ojú ni yóò lò, kó sì máa gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà lóòrèkóòrè, kó wo òkèèrè, kó ṣẹ́jú.

"Ṣé á fọ́?" Ìyá Sàkáríyà bi í.

"Kì í ṣe ohun tó ń fọ́jú nìyí. Èyí tí ẹ ní ó ṣe ìyá bàbá rẹ̀, bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀, ó jọ èyí tó máa ń bo ojú àgbàlagbà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń ṣí ìyẹn báyìí."

"Àwọn ọmọ tó bá bí ńkọ́?"

"Wọ́n lè nílò awò ojú bíi tìyá wọn. Ẹ kàn máa mú wọn wá ká yẹ̀ wọ́n wò."

"Ṣé kó fi uṣẹ́ náà sílẹ̀ ni?"

Dókítà wò ó. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ó máa bọ́ ọ?"

Ìyá Sàkáríyà tún gèlè rẹ̀ wé, ó dìde. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ bọ̀, ojú fèrèsé ló kọ sí. Bàrákàt kò mọ ohun tó wà lójú rẹ̀, kò sì ní agbára láti máa fún ojú pọ̀ wá a. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ìyá náà ní, "Bí awò ọ̀hún bá jáde, wá kí mi." Kò sọ pé òun gbà, kò sọ pé òun kọ̀.

Awò jáde. Bàrákàt gbé e sójú ní ọjọ́ Sátidé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìṣẹ̀. Ọ̀nà kún fún ewé. Ewé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró gedegbe, ó ń ta á lójú bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e. Àtigbà tó ti bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì ni wàhálà mìíràn ti dé: ó ń rí gbogbo ènìyàn. Bàbá kan wà lórí àga lọ́hùn-ún, ó ń wò ó. Àwọn obìnrin mẹ́ta wà nídìí kànga, wọ́n ń wò ó. Arúgbó kan yọ orí lójú fèrèsé. Kò sí èyí tó lè ní òun kò rí. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá, bàbá ní kí ló ń jẹ́, ọmọ ta ni. Ó kúnlẹ̀ fún àwọn tìdí kànga. Ó kúnlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé. Kó tó rí òrùlé ilé Ìyá Sàkáríyà, erùpẹ̀ ti bo aṣọ rẹ̀ léékún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Nígbà tó súnmọ́ ilé, ó rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré, pé a kì í fi jígí bojú wo àgbà. Ẹni tó ń ṣe fàájì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yọ awò náà, ó pa á mọ́ ọwọ́. Ayé tún di aṣọ lórí okùn. Ó rí àwọ̀ olómi ewé kan tó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sáré lọ, ó kúnlẹ̀ gbàgà síwájú rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Ta lò ń kí?" Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn Ìyá Sàkáríyà ti wá.

Ìyá Ọmọ́túndé pariwo ẹ̀rín. "Odó mà ni o! Aṣọ mi tí mo sá lé odó lórí ló kúnlẹ̀ fún! Èmi di igi lọ́jọ́sí, òní odó ti di Ìbídùn!"

"Ìyálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́." Ìyá Sàkáríyà wá síwájú. "Jígí tí wọ́n fún ọ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ fi jígí wo yín, kó má baà dà bí àfojúdi."

"Wọ̀ ọ́."

"Màmá..."

"Mo ní kí o wọ̀ ọ́."

Bàrákàt wọ̀ ọ́. Obìnrin tó dúró síwájú rẹ̀ kéré ju èyí tó ti ń bẹ̀rù lọ. Ìlà ojú rẹ̀ ti ń parẹ́. Abẹ́ ojú rẹ̀ wú, bí ti ẹni tí kò rí oorun sùn láti ìgbà díẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fajúro.

"O rí mi báyìí?"

"Mo rí yín, Màmá."

"Jígí yẹn ni kí o máa fi kí mi nínú ulé yìí. Ẹni tó bá pè é ní àfojúdi, ní kó wá bá mi." Ó tẹ ọwọ́ lé e lórí. "Sọ fún bàbá rẹ pé kó dá ọjọ́ yìgì. Kó jẹ́ ẹ̀yìn kòkó, kí ọwọ́ rẹ̀ lè dilẹ̀."

Bàrákàt fẹ́ dìde dúpẹ́, eékún kò gbà fún un. Ìwọ̀nba tó lè ṣe ni pé kó yí ìdí kalẹ̀ sórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, kó fẹ̀yìn ti odó.

"Jókòó bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Sàkáríyà wí, ó ń lọ bu omi wá fún un. "Ó ti rẹ̀ ọ́."